Ṣé kí n sanwó jù nítorí ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí?

Olóbì Sábó
Ẹ kú iṣẹ́ o. Obì gbànja ni mò ń tà lágbọ̀n-lágbọ̀n ní Ṣàgámù. Wọ́n ń kó o wá bá mi láti Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́, àwọn oníbàárà mi sì ń gbé e lọ sókè Ọya. Àwìn pọ̀ nínú òwò wa, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ẹnì kan lọ́dún 2012 kó kọ ètò tí yóò máa ṣírò gbèsè fún mi. Orí Windows XP nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú XP dúró lóṣù kẹrin 2014, èmi ò tiẹ̀ gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ náà kú. Fáìlì wà lórí flash, àmọ́ ẹ̀rọ tuntun ò lè ṣí i. Gbèsè oṣù mẹ́jọ! Mo wá ń pe oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n jẹ mí. Ó dùn mí wọra.

Ọmọkùnrin kan ní Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti Jakarta EE tó ń bá a rìn, lòun máa lò báyìí. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó fẹ́ kọ ti Windows nìkan. Kí ni mo máa rí nínú àlékún yẹn?

Ọmọ Òde
Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ̀mí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde nìyí. Látìgbà tí Sun Microsystems ti gbé Java jáde lọ́dún 1995, ètò tí a bá fi kọ kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Ògbufọ̀ kan wà láàárín, JVM. Windows ní tirẹ̀, Linux tó ń darí ẹ̀rọ bíi Windows ní tirẹ̀, Mac náà ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ kú, ẹ ra òmíràn, iṣẹ́ ń lọ.

Jakarta EE wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀: páásíwọ́ọ̀dù, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti iná. Alàájì sanwó, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè rẹ̀, ẹ ò tíì kọ ọ́ sí owó tó wọlé, iná lọ. Tí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa, méjèèjì á wọlé pọ̀, tàbí kí ìkankan má wọlé. Àjọ kan, Eclipse Foundation, ló ń mójú tó Jakarta EE láti 2017, ọ̀pọ̀ server, ìyẹn ètò tí irú iṣẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ló sì ń gbé e: WildFly, GlassFish, Open Liberty. Tí ọ̀kan bá kógbá wọlé, ẹ kó lọ sí òmíràn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan péré lẹ máa lò títí, Java lásán tó yín.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ Java nìkan ò tó. Wọ́n fi Java kọ ti ẹgbẹ́ wa n'Íjẹ̀bú-Igbó. A gbé e sórí Linux, kò lè tẹ rìsíìtì. Ẹni tó kọ ọ́ ti kọ C:\ sínú rẹ̀, ìyẹn orúkọ ibi tí Windows ń kó fáìlì sí, Linux ò sì ní C kankan. Ẹ bi ọmọkùnrin yín pé database wo, ìyẹn ibi tí àkọsílẹ̀ gbèsè yín máa wà, ló fẹ́ lò. Ọ̀kan nínú wọn, PostgreSQL, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac, ọ̀fẹ́ sì ni. Kó fún yín ní source code pẹ̀lú, ìyẹn ohun tó kọ gan-an, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe.

Olóbì Sábó
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀ka kan ń bọ̀ n'Ípẹru, nítorí náà kọ̀ǹpútà kan ò ní tó mi. Mo ti ní kó gbé láptọ́ọ̀pù Windows kan àti ti Linux kan wá sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. A máa kọ gbèsè èèyàn méjì sí i, màá sì pa iná láàárín.