Ṣé báńkì ìjọba ṣì wúlò láyé ìsinsìnyí?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, ó ti lé lógún ọdún, ó wá lọ yá owó ní báńkì kan lóṣù tó kọjá kó lè ra ọjà sílẹ̀ kó tó wọ́n, wọ́n ní kó mú ìwé ilé wá. Ìwé ilé kẹ̀? Yàrá méjì la háyà! Ló bá padà sọ́dọ̀ àwọn sọgúndogójì, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti máa ń dúró tì í nídìí igbá, kó tó ta kóńgò kan. Kí ló dé tí ìjọba ò ní báńkì tó ń yá irú wọn lówó? Àbí ó ti wà rí?

Àgbà Ṣàgámù:
Ó ti wà rí ọmọ mi. Lọ́dún 1989, láyé Babangida, ni wọ́n dá People's Bank sílẹ̀, Tai Solarin ará Ìkẹ́nnẹ́, onísòkòtò péńpé yẹn, ni wọ́n fi ṣe alága. Kò sọ́rọ̀ ìwé ilé, ẹ máa kóra yín jọ ni, ẹ máa dúró fún ara yín, tẹ́nì kan ò bá san, ó kan gbogbo yín. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gba owó yẹn bí owó ìjọba tí ò ní olówó, wọn ò dá a padà. Nígbà tó di 2000, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ báńkì àgbẹ̀, òun ló wá di Bank of Agriculture.

Owó Kòkó:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kì í ṣe mẹ̀kúnnù nìkan ló ń ba báńkì ìjọba jẹ́ o. National Bank tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, tí ìjọba Wẹ́stìn wá gbà, ìgbìmọ̀ Coker tí wọ́n gbé dìde ní 1962 láti wádìí owó ìjọba Wẹ́stìn sọ pé owó ẹgbẹ́ òṣèlú àti owó ìlú ti wọnú ara wọn níbẹ̀. Báńkì Wema, tó ń jẹ́ Agbonmagbe ní 1945, Marketing Board Wẹ́stìn, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ló gbà á ní 1969, WE inú Western àti MA inú Marketing ló di orúkọ ẹ̀. Òun náà ló padà gbé National Bank mì ní 2005.

Ará Fargo:
Ibi tí mo wà níbí, ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìpínlẹ̀ ní báńkì tiẹ̀ láti 1919, àwọn àgbẹ̀ ló jà fún un torí àwọn báńkì ìlú ńlá ń fi èlé pa wọ́n. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ní, ní Bismarck. Tó o bá jẹ́ àgbẹ̀, báńkì àdúgbò ẹ lo máa lọ, àwọn tó mọ̀ ẹ́, tó mọ oko ẹ, báńkì ìjọba á wá bá wọn dá sí owó náà. Owó ìlú ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ẹ́ ló ń sọ bóyá wàá san. Ohun tí Solarin ń wá náà nìyẹn.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́jà, wọ́n mọ ẹni tó ń san àti ẹni tó ń sá. Ta ló ti bá ẹgbẹ́ ẹ̀ gba owó ní Bank of Agriculture rí? Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá?