Àbábọ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tówìn mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá kí n ta ọkọ̀ tówìn mi, torí jíà ọtomátíìkì rẹ̀ ń yọ̀ (kì í di agbára ẹ́ńjìnnì mú dáadáa) bí mo bá ti fa mọ́tò gun òkè lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Mi ò tà á mọ́.

Ẹni tó ní kí n yọ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jíà wò ló rí òótọ́. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa ti dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Mẹkáníìkì mi ní Sábó dà á nù, ó pààrọ̀ fíltà, ó wá de kúlà kékeré kan, ìyẹn ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù, mọ́ iwájú rédíétọ̀, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ọ́ìlì náà kó tó padà sínú jíà. Ooru ló ń pa jíà ọtomátíìkì jù. Tí mo bá ti ń fa ẹrù báyìí, mo máa ń pa overdrive, ìyẹn jíà òkè tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra yí lórí eré. Ẹ́ńjìnnì á pariwo díẹ̀ (ẹ jẹ́ ó pariwo!), àmọ́ jíà ò yọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ra ọkọ̀ tówìn tó ń lo dísù (diesel), owó rẹ̀ ò tíì sí. Ọjọ́ tó bá dé, bíréèkì àti ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni màá kọ́kọ́ wò.

Mo ti ọ̀rọ̀ yìí síbí o. Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ bú mi kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.