Báwo ni mo ṣe lè máa gbọ́ èsì Sunshine Stars láti Ṣáínà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo wà. Lóṣù tó ń bọ̀, mò ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn. Wákàtí 7 ni Ṣáínà fi ṣíwájú wa: bọ́ọ̀lù aago 4 ìrọ̀lẹ́ níbí, aago 11 alẹ́ ni lọ́hùn-ún. Ìyẹn ò dùn mí, mo lè ṣàìsùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti Facebook, WhatsApp àti YouTube pa níbẹ̀, orí wọn gan-an ni mo sì ti ń gbọ́ èsì! (Ìyàwó mi ní kí n gbájú mọ́ ọjà.) Ṣé síìmù Nàìjíríà mi lè ṣí wọn, àbí kí n ti gbé VPN (áàpù tó ń jẹ́ kéèyàn lè ṣí ohun tí wọ́n tì pa) sórí fóònù láti ilé? Ẹni tó ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.