Ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà «child», àti ìdí tó fi di «children»

Akọ̀wé_kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ibo gan-an ni «child» ti ṣẹ̀ wá? Ṣé òun àti «Kind» tí àwọn ará Jámánì ń pe ọmọ jọ tan ni? Kí ló sì dé tí wọn ò fi sọ pé «childs», tí «i» inú «children» kò sì dún bíi ti «child»?

Baba_Gírámà:
Wọn ò tan rárá. Gbòǹgbò tó jẹ mọ́ bíbí ni «Kind» ti yọ, òun àti «kin» ni mọ̀lẹ́bí. Inú oyún ni «child» ti wá ní tirẹ̀. Ẹ wo èdè Gọ́ọ̀tì, èdè àtijọ́ kan tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan, èyí tí Bíbélì tí bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin jẹ́ ká mọ̀: «kilþei» ni ilé-ọmọ, «inkilþo» sì ni aboyún. Nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ títí di nǹkan bí ọdún 1100, «cild» ni wọ́n ń kọ, ọlẹ̀ àti ọmọ jòjòló ló sì ń tọ́ka sí jù. Tó bá jẹ́ ọmọ tí lágbájá bí ni wọ́n ń sọ, ó lè ti dàgbà, «bearn» ni wọ́n sábà ń lò, láti ara «beran», ìyẹn bíbí. Òun ló ṣẹ́ kù sí Scotland bíi «bairn». Ohun tí «child» jẹ́ látilẹ̀ ṣì hàn nínú «with child»: aboyún náà ni.

Ìyá_Atúmọ̀èdè:
Ẹ ṣé, sà. Ẹ jẹ́ n mú ti «children», nítorí ọ̀pọ̀ ló ń gé e sí «child» àti «ren». Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan àti púpọ̀, «cild» kan náà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ni púpọ̀ di «cildru», tó wá rọ̀ di «childre» tàbí «childer». Etí àwọn èèyàn kò gbọ́ «r» yẹn bí àmì púpọ̀ mọ́, ni wọ́n bá tún fi «-en» inú «oxen» lé e. Àmì púpọ̀ méjì ló wà lára rẹ̀ báyìí. Àwọn ará àríwá England kò fi «-en» kún tiwọn, «childer» ló pẹ́ lẹ́nu wọn.

Ní ti ìró: fáwẹ̀lì tó ṣáájú «ld» gùn sí i kí Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ bí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta bá tẹ̀ lé e, bíi «ldr», kúkúrú ló ń wà. Nígbà tí àwọn fáwẹ̀lì gígùn wá yí padà láàárín nǹkan bí ọdún 1400 sí 1700, èyí tó gùn nìkan ló di «ai». Ti «children» dúró síbi tó wà.

Akọ̀wé_kékeré:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. «Kid» ńkọ́?

Baba_Gírámà:
Ọmọ ewúrẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Scandinavia ló ti wọlé, ní nǹkan bí ọdún 1200. Ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe ọmọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ìgboro sì ni nígbà yẹn. Nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, «child» ni kí ẹ kọ.