Kí ni máṣíìnì ti fojú yín rí? Tèmi rèé, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni

Ará Ìpetumodù:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òjò o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwa tá à ń fọwọ́ ara wa tún máṣíìnì ṣe nílé. Mi ò bá àwọn mẹkáníìkì gidi wí o, àwa tá a ní sípánà mẹ́rin àti pílíáàsì kan nínú páálí tá a sì ti rò pé a ti dé, àwa ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí kálukú sọ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ (irọ́ ni, a máa rẹ́rìn-ín). Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ.

Boxer BM 100 ni mò ń gùn. Ìpetumodù ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lágere nínú Ifẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Nígbà òjò èṣí, máṣíìnì yìí kọ́ ìwà kan. Láàárọ̀, kíìkì ẹyọ kan ló ti máa dáhùn, a máa jọ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ tó bá ti kù díẹ̀ ká dé géètì Kámpọ́ọ̀sì báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á máa fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà, á wá kú. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá kíìkì ẹ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí, kò ní dáhùn. Tí mo bá ti jókòó sẹ́bàá títì bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo tún kíìkì ẹ, pàù, ó ti ta! Bí ẹni pé a ò jà rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Mo ra plọ́ọ̀gì tuntun, kò gbọ́. Mo ní á jẹ́ pé kábúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnì, ló dọ̀tí, kí n má sì parọ́, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n tú kábúrétọ̀. Lọ́jọ́ Sunday mo gba àtẹ tí ìyàwó mi fi ń ṣa ìrẹsì, mo gbé e sórí àpótí nínú àgbàlá, mo ti epo pa, mo tú u sílẹ̀. Mo yọ ife ìsàlẹ̀ ẹ̀, ìdọ̀tí pupa bí iyanrìn ìdí odò ló wà níbẹ̀, inú mi ti ń dùn pé ọwọ́ mi ti tẹ olè. Mo yọ jẹ́ẹ̀tì ńlá, mo yọ kékeré, mo gbé wọn sókè sí oòrùn kí n lè wo ihò wọn, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mi ò ki wáyà bọ̀ ọ́ torí mo ti gbọ́ pé wáyà máa ń fẹ ihò yẹn tí máṣíìnì á wá máa mu epo bí ọ̀mùtí. Ibi síkírù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo dé tọ́wọ́ mi yá, mo gbàgbé pé súpíríìnì wà lẹ́yìn ẹ̀, bó ṣe fò báyìí, tíín, ó di àwátì. Adìyẹ ìyá onílé sì wà nítòsí, mo rí i tó ṣánu mọ́ nǹkan nílẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin bíi tèmi, mò ń lé adìyẹ kiri àgbàlá, àwọn èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

Mo ra súpíríìnì míì, mo tò ó padà. Nígbà tó di Monday, ibi géètì yẹn náà ló tún kú sí.

Ọlọ́kadà àgbàlagbà kan ló dúró tì mí lọ́jọ́ yẹn. Kò mú sípánà kankan. Ó kàn ṣí ìdérí táǹkì, a gbọ́ ọ tó fa èémí sínú fíìì, ó ní kí n kíìkì, ó ta lójú ẹsẹ̀. Ó wá dojú ìdérí yẹn délẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ta ló ki ọ̀rá bọ ibí?" Èmi ni o. Omi òjò ló máa ń jò wọ táǹkì, ni mo bá gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, mo fi tẹ́ abẹ́ ìdérí, mo dé e pinpin. Àṣé ihò kékeré kan wà lára ìdérí yẹn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, bí epo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa gba ipò ẹ̀, tí atẹ́gùn ò bá ti ráyè wọlé, epo náà ò ní lọ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ń jókòó sẹ́bàá títì yẹn, atẹ́gùn ló ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá. Bàbá yẹn ní tí mo bá páàkì kí n fi ọ̀rá bo ìta ẹ̀, tí mo bá fẹ́ gùn ún kí n ká a kúrò. Mo fẹ́ fún wọn lówó, wọ́n ní kí n fi ra ìrẹsì fún ìyàwó mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ọ̀ràn àtẹ.

Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Òṣómàáàlò, Ìsọkùn:

Ẹ kú ewu ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Iléṣà ni mí, ẹ ṣáà mọ̀ wá, iṣẹ́ tí mo bá lè fọwọ́ ara mi ṣe, mi ò ní kówó ẹ̀ fún ẹlòmíì. Bí mo ṣe ra ṣéènì àti síprókẹ́ẹ̀tì tuntun fún CG 125 mi nìyẹn tí mo dè é fúnra mi. Mo sì dè é dáadáa! Tí mo bá fìka tì í láàárín, ó ń lọ sókè sódò bí ìka méjì, kò le jù kò dẹ̀ jù, torí èyí tó bá le jù máa ń jẹ bẹ́árìn. Nǹkan tí mi ò mọ̀ ni ti kílíìpù kékeré tó so ojú ṣéènì pọ̀, ó rí bí ẹja, ó lórí, ó nírù. Orí ẹ̀ tó dí ló gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń sáré lọ, kí ìrù tó là wà lẹ́yìn. Èmi fi ìrù ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń lọ sí Òṣú, iṣu mẹ́fà wà lẹ́yìn mi fún ìyá ìyàwó mi, mò ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo kàn gbọ́ gbàlàgàdà lápá òsì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni. Táyà ẹ̀yìn há, ó wọ́ mi lọ, Ọlọ́run ló ní n má ṣubú. Ṣéènì ti já, ó ká jọ sídìí síprókẹ́ẹ̀tì iwájú, ó sì ti la ara ẹ́ńjìnì níbẹ̀, ọ́ìlì ń ṣàn sórí títì. Mo tì í dé Òṣú tòun tiṣu. Owó tí wẹ́dà gbà láti jó ibẹ̀ pọ̀ ju owó iṣẹ́ tí mo sá fún lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Màmá ò tiẹ̀ béèrè máṣíìnì, iṣu méjì tó kán ni wọ́n ń béèrè.

Èrò Ẹ̀yìn:

Tèmi ò gùn. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n ní kéèyàn de nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì yẹn le dáadáa, mo bá gun orí sípánà, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ṣe "kẹ́", ó wá ń yí lófìfo. Ojú ìdè ẹ̀ ti fá. Lítà ọ́ìlì tuntun kan gbáko, ilẹ̀ ló mu ún.

Tíṣà Modákẹ́kẹ́:

Obìnrin ni mí o, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ọkọ mi ńkọ́, ọkọ mi ò mọ ibi tí plọ́ọ̀gì wà. Bíréèkì ẹ̀yìn máṣíìnì mi ló ń ké, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé tíṣà ti dé. Èmi wá rò ó pé ilẹ̀kùn tó bá ń ké, òróró là ń fi sí i, kí ló wá yàtọ̀? Mo yọ táyà, mo ṣí ibẹ̀, mo fi gírísì pa gbogbo inú ẹ̀ mọ́ bí ẹni ń pa búrẹ́dì ní bọ́tà. Ariwo lọ. Bíréèkì náà sì bá ariwo lọ.

Ọjọ́ kejì, mò ń ti ilé ìwé bọ̀, mo dé orí òkè, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kàn lọ wẹẹrẹ. Ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ló gbà mí, òkìtì iyanrìn iwájú ẹ̀ ni mo wọ̀ sí, ìwé ìdánwò JSS 2 tú ká gbogbo ojú títì. Àwọn bíríkìlà bá mi ṣà á, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ń ka máàkì jáde bó ṣe ń ṣà á, "Ha, eléyìí gba 3 nínú 40 o!" Ìtìjú méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Fọkanáísà ìsàlẹ̀ wa ló tú u. Ó ní àwo ibẹ̀ ṣeé fi epo fọ̀, kéèyàn fi sáńpépà họ ọ́, àmọ́ bíréèkì ṣúù ti mu gírísì yó, tó bá ti gbóná á tún máa làágùn gírísì jáde, kí n lọ ra tuntun. Gírísì díẹ̀ báyìí, bí èyí tórí ọ̀pá ìṣáná lè gbé, ibi ọ̀pá irin tó ń ti ṣúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló ń lọ. Igbe tó sì ń ké tẹ́lẹ̀ yẹn, eruku lásán ni.

Bàbá AX:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun, tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Suzuki AX 100 lèmi ṣì ń gùn ní Ìlódè níbí, ẹ̀rín tẹ́ ẹ̀ ń fi èéfín ẹ̀ rín ò kàn mí. Ẹ́ńjìnì tiwa yìí, ọ́ìlì la máa ń pò mọ́ epo fún un, òun ló ń fi pa písítìn lára. Àbíkẹ́yìn mi yá a lọ́jọ́ kan, epo tán lọ́nà, ọmọ ọlọ́làjú ra epo gbẹrẹfu sí i. Ó gan. Nígbà tí mo ṣí orí ẹ́ńjìnì, ara písítìn dà bí ibi tí ológbò ya. Mi ò bá a jà, mo ní kó jókòó tì mí títí tí mo fi tún un tán, òun ló ń gbé tọ́ọ̀ṣì.

Ti sílénsà náà tún wà ńbẹ̀. Tí èédú ọ́ìlì bá ti dí i, máṣíìnì ò ní lè gòkè mọ́, ẹ̀yin á rò pé ríìngì písítìn ti jẹ. Ẹ fa ọ̀pá inú ẹ̀ jáde, ẹ kì í bọ iná igi, ẹ gbọ̀n ọ́n, èédú ọ̀hún á máa jábọ́ bí èépá. Kó má jẹ́ iná tí ìyàwó ń fi rokà o. Èmi mọ ohun tí mo fojú rí. Tó bá di Ọlọ́jọ́ tí Ọọ̀ni ń lọ Òkè Mọ̀gún, èmi máa ń fọ gbogbo sípánà mi, màá tò wọ́n sórí aṣọ, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀.

Ọmọ Ẹrẹ̀jà:

Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í ṣí, ló gbọ́n mi lójú. CG náà ni tèmi, ó ń ṣe ká-ká-ká lórí. Mo ti kà á pé 0.08 mm ni àlàfo ẹ̀, mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, mo bá lo bíléèdì ìfárí, tó tó 0.1 mm, mo ní ìyẹn ti sún mọ́ ọn. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù mọ́jú, mo yí i títí àmì T tó ń fi hàn pé písítìn ti dé òkè fi yọ, mo ṣe é wẹ́rẹ́, bíléèdì ń wọlé pẹ̀lú ìfúnra díẹ̀, mo ń súfèé.

Mo kíìkì, ó ta tipátipá, ká-ká-ká ẹ̀ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ní agbára kankan. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti ń ro owó písítìn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yí i títí àmì T fi tún yọ, mo fọwọ́ mi àwọn apá ibẹ̀ wò, wọ́n ń mì jàgàjàgà, àlàfo wọn ti pọ̀ jù. Ẹ gbọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni àmì T yẹn máa ń yọ kí ẹ́ńjìnì tó yípo iṣẹ́ ẹ̀ tán! Ìgbà tí fáàfù méjèèjì dé pátápátá, tí apá méjèèjì ń mì díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìyẹn lẹ máa ṣe é. Èmi ti ṣe é nígbà kejì tí fáàfù ṣì ṣí díẹ̀, ni àlàfo wọn bá pọ̀ jù, tí fáàfù ò sì ṣí tó mọ́. Mo tún un ṣe níbẹ̀, ó ta ní kíìkì kìíní, ó ṣì ń ṣe ká díẹ̀ torí bíléèdì yẹn, mo ní kó máa ṣe é lọ.

Tíṣà Modákẹ́kẹ́:

Ará Ìpetumodù, adìyẹ yẹn ńkọ́?

Ará Ìpetumodù:

Tíṣà, wọ́n pa á nígbà Kérésì. Èmi gan-an ni mo lọ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń la iwe ẹ̀, òkúta wẹẹrẹ àti àgbàdo ló wà níbẹ̀. Ìyá onílé wò mí títí, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ rí i báyìí?" Wọ́n bu itan kan fún wa. Mi ò tíì rí súpíríìnì yẹn dòní.