Àwọn ọ̀rọ̀ inú káàdì ọmọ tuntun: báwo lẹ ṣe ń là á yé àwọn ìyá?

Olùtọ́jú Ìyá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba káàdì relé. Ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ ni Apgar 7 àti 9, colostrum, meconium, latch, EBF, SBR, phototherapy, CHX gel. Ìyá ọmọ á gbé káàdì délé, kò ní mọ èyí tó kan òun níbẹ̀. Kí ni kí n ní kó máa wò lára ọmọ, kí ni kó ṣe, ìgbà wo sì ni kó sáré padà wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi iye sí i.

Agbẹ̀bí Àgbà
Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Apgar kò gba àkókò: wọ́n ń wo àwọ̀ ara ọmọ, lílù ọkàn rẹ̀, bó ṣe ṣe nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, okun ara rẹ̀ àti mímí rẹ̀, wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 2, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n á ṣe é ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìbí. 7 àti 9 dára. Kì í ṣe máàkì ọpọlọ. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn.

Colostrum ni omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì ní àwọ̀ ìyeyè. Àwọn ìyá àgbà kan ṣì ń ní kí wọ́n fún un dànù pé ó dọ̀tí, nítorí náà ẹ má ṣe yára kọjá níbẹ̀. Kò pọ̀, kò sì yẹ kó pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, nǹkan bíi mílílítà 5 sí 7, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan, ti tó ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń bá àrùn jà ló kún inú rẹ̀, ó sì ń mú kí ọmọ tètè ya ìgbẹ́ dúdú tó gbé ti inú oyún wá. Ìgbẹ́ yẹn ni meconium. Bí wákàtí 24 bá kọjá tí kò jáde, kí dókítà gbọ́. Tó bá di 48, àyẹ̀wò ìfun ti di dandan. Ọmú ẹ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọmọ láàárín wákàtí kan tí a bí i.

EBF ni ọmú nìkan fún oṣù 6. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí glúkóòsì. Oògùn tí dókítà kọ nìkan la yọ sílẹ̀. Omi tí ọmọ mu ti gba àyè ọmú nínú ikùn rẹ̀. Bí kò bá mu ọmú tó, ara ìyá á dín omi ọmú tó ń pèsè kù. Ẹ pe ìyá-ọkọ tàbí ẹni tó ń wẹ ọmọ kó jókòó gbọ́ ọ, torí lọ́pọ̀ ilé, ọwọ́ ẹni náà ni omi ti ń kán sí ọmọ lẹ́nu.

Latch ni bí ọmọ ṣe gbá ọmú mú. Ẹ wo nǹkan mẹ́rin: ẹnu la gbàgà, ètè ìsàlẹ̀ yí síta, àgbọ̀n kan ọmú, ibi dúdú tó yí orí ọmú ká sì hàn lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu, á bó, ọmú kò ní tán nínú rẹ̀, á wá kún títí á le bí òkúta. Bó bá ń dun ìyá, kí ó má fà á yọ. Kó ki ìka tó mọ́ bọ igun ẹnu ọmọ kí ó lè tú, kó wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: imú ọmọ kọjú sí orí ọmú, orí ọmú kan ètè òkè, kó dúró dìgbà tí ẹnu bá là dáadáa, kó wá gbé ọmọ sún mọ́ ọmú. Ìyá tó bá ń tẹ̀ lọ bá ọmọ, ẹ̀yìn ló máa dùn ún.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni ọmọ ń mu láàárín wákàtí 24, òru wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ karùn-ún, kó tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti di ìyeyè. Bí ọmọ kílò 3 bá di kílò 2.8 ní ọjọ́ kẹta, kò ju bó ṣe yẹ lọ. Kó ti gba ìwọ̀n rẹ̀ padà tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Dókítà Ọmọdé
Agbẹ̀bí Àgbà ti parí ti ọmú. SBR ni mo fẹ́ kí a dúró tì. Ìwọ̀n bilirubin inú ẹ̀jẹ̀ ni, ohun tó ń jáde nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá gbó tó fọ́. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó láti kó o jáde, ìyẹn ló ń fa ibà pọ́njú, tí ojú àti ara ọmọ fi ń di ìyeyè.

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Bó bá hàn kí wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó pé, àìsàn ni, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n ti wá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí a wọ̀n ọ́n. Lára ọmọ dúdú, ẹ má wo awọ lásán: ẹ wo ẹyinjú àti èrìgì, kí ẹ fi ìka tẹ iwájú orí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ wo àwọ̀ tó yọ bí ẹ ṣe gbé ìka kúrò. Ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà àti ikùn. Bó bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kejì. Bilirubin tó pọ̀ jù ń wọ ọpọlọ: ọmọ á máa sùn ṣáá, kò ní lè fa ọmú, igbe rẹ̀ á máa han, ẹ̀yìn á ká, gìrì á dé. Ẹni tó bá yè é lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ́ràn mọ́.

Ẹ béèrè nípa káńfọ̀ funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọkùnrin, ni G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó lára wọn. Òórùn káńfọ̀ náà lásán lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Kí aṣọ tí a tọ́jú sínú rẹ̀ má kan ọmọ rárá. Ẹ béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ìyá pẹ̀lú: bó bá jẹ́ O tí ọmọ jẹ́ A tàbí B, tàbí Rhesus negative tí ọmọ jẹ́ positive, ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu, ìyẹn náà sì lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ.

Olùtọ́jú Ìyá
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì ni wọ́n ń lò nílé. Kí ni kí n sọ? CHX gel náà ṣì kù.

Dókítà Ọmọdé
Kí wọ́n má fi oòrùn ṣe ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó lè wọn iye tí ọmọ ń rí gbà nínú rẹ̀, ó lè jó o lára, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi wá sílé ìwòsàn ló sì ń jẹ. Phototherapy ni iná aláwọ̀ búlúù tó ń yí bilirubin padà kí ara lè kó o jáde. Ọmọ á wà níhòòhò, àfi ìlédìí, wọ́n á bo ojú rẹ̀, wọ́n á sì ń gbé e jáde mu ọmú ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Iná náà máa ń mú àwọ̀ ìyeyè kúrò lára awọ kí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe ojú. Bí kò bá ràn án, pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Glúkóòsì ò fọ nǹkan kan: inú ìgbẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà jáde, ọmú ló sì ń mú ìgbẹ́ wá.

Ibà pọ́njú tó bá kọjá ọjọ́ 14, ẹ béèrè àwọ̀ ìgbẹ́. Bí ìgbẹ́ bá funfun bí ẹfun tí ìtọ̀ sì dúdú, ọ̀nà òróòro lè ti dí. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ máa ń dára jù kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60, nítorí náà kò gba sùúrù.

Agbẹ̀bí Àgbà
Ti ìwọ́: CHX gel ni chlorhexidine 7.1%. Kí ìyá fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kó fi gel náà kan orí ìwọ́ àti ìdí rẹ̀ níbi tó ti pàdé ikùn, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Kó ká ìlédìí sísàlẹ̀ ìwọ́, kó má dì í. Kò sí pé à ń fi omi gbígbóná jó o, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí iyọ̀. Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì pé kò gbọ́dọ̀ kan ojú: àwọn kan ti ṣì í lò bí oògùn ojú, ó sì ti ba ojú ọmọ jẹ́. Bí ìdí ìwọ́ bá pọ́n tó sì ń tàn sí ikùn, bí ó bá ń ṣọyún tàbí rùn, tàbí ara ọmọ gbóná kọjá 37.5, kí wọ́n má fi gel náà ṣe ìtọ́jú, kí wọ́n gbé ọmọ wá lójú ẹsẹ̀.