Ẹ gbà mí o, wọ́n sọ mí di anu-àgbá níbi internship

Ọmọ_Rọ́kẹ́ẹ̀tì: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀. Orí mi ti dàrú. Aerospace ni mò ń kà ní Amẹ́ríkà, ọdún kẹta rèé. Mo rí internship gbà nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ti sátẹ́láìtì rìn lókè lọ́hùn-ún. Mọ́mì mi ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tiẹ̀ rán ankara. Àṣé àgbá irin tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò ni n ó máa nù! Ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn, àkísà funfun, ọtí isopropyl tó ń ta sí mi nímú. Tí ìpàdé bá ti kan ẹ̀rọ gan-an, wọ́n á ní kí n máa lọ jẹun, oúnjẹ tí ò láta! Òyìnbó tá a jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, tí máàkì ẹ̀ ò tó tèmi, ń bá wọn jókòó. Ṣé kí n fibẹ̀ sílẹ̀ ni?

Ìyá_Ìbejì: Fara dà á, ọmọ mi. Nígbà tèmi ní IT, tíì ni mò ń pò fún ọ̀gá. Ọ̀gá yẹn kì í tiẹ̀ sanwó ṣúgà.

Ẹnjiníà_Ṣẹ́gun: Iṣẹ́ gidi ni ìnù yẹn o. Tí wọ́n bá fa afẹ́fẹ́ inú àgbá jáde, ọ̀rá ìka ọwọ́ lásán á máa di oru sínú òfìfo, á sì ba ìdánwò jẹ́. Ṣé Hall thruster ni, ẹ̀rọ oníná mànàmáná tó ń lo gáàsì xenon láti ti sátẹ́láìtì?

Adé_Houston: Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. ITAR ló fà á tí wọ́n fi ń lé e síta, òfin Amẹ́ríkà lórí kíkó ohun ìjà lọ sókè òkun. Òfin yẹn ka ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ohun ìjà. Kódà nínú Amẹ́ríkà níbẹ̀, tí wọ́n bá fi àwòrán ẹ̀rọ náà han àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè láìgbàṣẹ, bíi pé wọ́n kó ẹ̀rọ náà lọ sókè òkun ni. Físà wo lo ní?

Mọ̀lájù: Máa bọ̀ nílé jàre. NASRDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, ní ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́.

Adé_Houston: Mọ̀lájù, ṣé ìwọ lo máa sanwó ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó dáhùn.

Ọmọ_Rọ́kẹ́ẹ̀tì: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ físà kọ́. Wọ́n béèrè nínú fọ́ọ̀mù pé ṣé ọmọ Amẹ́ríkà ni mí, mo ní rárá. Àbí kí n purọ́ ni? Green card tí dádì gbà fún mi dé lọ́dún tó kọjá, ìyẹn ò sì sọ mí di ọmọ ibẹ̀.

Adé_Houston: Háà! Èyí lo gbé pamọ́ látàárọ̀? Oní-green card kì í ṣe àlejò lójú ITAR! NASA ni ò ní gbà ọ́ fún internship, ọmọ onílùú nìkan ni wọ́n ń mú. Ibi tó o wà yìí, kọ̀wé sí àwọn tó ń rí sí export control, ìyẹn ọ̀rọ̀ òfin ITAR yìí, lónìí.

Ìyá_Ìbejì: Mo ṣáà ní kó fara dà á.

Ọmọ_Rọ́kẹ́ẹ̀tì: Tí mo bá kọ̀wé, ṣé ọ̀gá mi ò ní ní mo gba orí òun kọjá? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Adé_Houston: Sọ fún ọ̀gá kọ́kọ́, kó o wá kọ̀wé. Mú káàdì náà dání.

Ọmọ_Rọ́kẹ́ẹ̀tì: Inú àpótí dádì ló wà, ní Dallas.

Adé_Houston: Pè wọ́n kí n tó bínú.